Àgbò Oníkíndìnrín Kan

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń fi èédú rìn, mo wọ̀ ọ́ láti Ifọ̀ lọ sí Èkó, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá kan àti alápatà tó jókòó tì í.

Bàbá ní, “Ibùdókọ̀ Àgbàdo ni n ó sọ̀ sí, kí n padà sílé. Dókítà ní òkúta ti ba ọ̀kan nínú kíndìnrín mi jẹ́, wọ́n á yọ ọ́ l’Ékòó. Ta ní ń fi ẹyọ kan gbé ayé?”

“Ẹ jókòó jàre, Bàbá. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe: wọ́n ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ á wá ṣàn lọ sínú àpò rẹ̀. Iléyá tó kọjá, mo la àgbò kan, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo bá níbẹ̀. Ó kún ọwọ́ mi!”

“Àgbò ọ̀hún ń ṣàìsàn ni?”

“Àìsàn kẹ̀? Ó kàn mí ṣubú lẹ́ẹ̀mejì ká tó dì í mú! Ẹyọ tó bá kù á sanra sí i, Bàbá.”

“Ẹyọ tó bá kù á sanra sí i.” Bàbá rọra tún un sọ, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

A dé Àgbàdo. Àwọn èèyàn sọ̀, ọkọ̀ tún gbéra, bàbá ò kúrò lórí ìjókòó.

Ó ní, “Alápatà, tí mo bá ti Èkó dé, bá mi wá àgbò Iléyá tèmi. Ṣùgbọ́n oníkíndìnrín méjì ni kó o mú wá o!”