Àwòrán Ogun Tí Tíṣà Fẹ́ Gbé Kọ́

Níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń fi férémù sí fọ́tò l'Ókè-Ṣopẹn ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì àti ìyá kan tí wọn ò mọra wọn rí.

Àwòrán ogun òyìnbó ayé àtijọ́ ni bàbá náà tẹ́ sórí itan: àwọn jagunjagun tó wọ ẹ̀wù irin, tí wọ́n gun ẹṣin.

"Iléèwé tí mo ti ṣe tíṣà ni mo fẹ́ gbé e kọ́ sí, ìyá. Ẹ wo ẹni tó di àsíá mú yìí. Akọni nìyẹn! Kí àwọn ọmọ máa rí i."

"Àwọn tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin ńkọ́, tíṣà?"

"Àwọn tó kú sógun ni."

"Mo mọ̀ pé wọ́n kú. Ẹ ò rí i pé wọn ò ya ojú fún wọn? Ẹṣin pàápàá ní ojú."

Ẹṣin pàápàá ní ojú. Mo yọjú wò ó. Òótọ́ ni.

"Bóyá àyè ni ò gbà á, ìyá."

"Ọmọ mi ṣe ṣọ́jà. Wọ́n gbé e lọ sókè Ọya, kò padà wálé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí òkú ẹ̀, lẹ́tà ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé akọni ni."

Ìyá na fọ́tò ọmọ rẹ̀, tó gbé wá kí wọ́n fi férémù sí, sí bàbá. Bàbá wò ó títí, ó wá rọra ká àwòrán tiẹ̀.

"Kí lorúkọ rẹ̀, ìyá?"

"Nínú gbogbo ẹni tó pè é ní akọni fún mi, kò sí ẹni tó béèrè orúkọ rẹ̀; ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ béèrè."