Ẹsẹ Kẹta Tí Mo Gé Lára Téèpù Bàbá Olórin

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jó sí orin Bàbá Olórin nígbà tí orúnkún yín ṣì le, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ìjókòó. Èmi ni ìyàwó tuntun ilé yìí, aya Káfíńtà. Ọ̀pọ̀ yín ò tíì gbọ́ ohùn mi rí. Ẹ má bínú, kì í ṣe ìgbéraga. Akólòlò ni mí. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé kó má baà pòórá lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ìwé ò ní kó má há. Tó bá há, ẹ fún mi láyè. Ẹ má bá mi parí ẹ̀.

Ẹ ti gbọ́ ohun tí mo ṣe. Láti àárọ̀ lẹ ti ń fà á níwájú ilé. Mo gbọ́ ẹni tó ní, "Ọmọ yẹn gbìyànjú, orin burúkú ni." Mo gbọ́ ẹni tó dá a lóhùn: "Gbìyànjú kẹ̀? Ẹni tí ò tíì pé ọdún kan nílé ọkọ, tó ti mú sísọ́ọ̀sì bá ohùn ìyá ọkọ ẹ̀!" Ẹ̀yin méjèèjì, abẹ́ fèrèsé ni mo ti ń fọ abọ́. Mo gbọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n lè fi ojú mi wo Bàbá kí wọ́n tó gbé wọn lọ.

Orin tó sọ Bàbá di olókìkí, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Gìtá inú ẹ̀ dùn, mi ò lè parọ́. Ẹ sì mọ ẹsẹ kẹta:

Akólòlò rí iná lórí òrùlé,
Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kọ̀, kò jáde;
Kó tó rí i sọ, ilé ti di eérú,
Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín akólòlò.

Nígbà tí mo wà nílé ìwé, tí tíṣà bá ti ní kí n dìde kàwé, ẹnì kan á ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, gbogbo kíláàsì á gbè é. Tíṣà fúnra ẹ̀ á máa fẹsẹ̀ lulẹ̀ sí i. Bí mo ṣe fi ìwé sílẹ̀ nìyẹn. Mi ò mọ ojú ẹni tó kọ orin náà. Lọ́kàn mi, mo rò pé ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ burú.

Òun ló wá di bàbá ọkọ mi. Ojú wọn ò sì burú. Ọjọ́ tí mo wọlé, àwọn ló gba báàgì lọ́wọ́ mi. Wọ́n mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, níbi tí wọ́n ti ń tún kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣe, wọ́n ní, "Ìyàwó, jókòó. Ọwọ́ jẹ́jẹ́ niṣẹ́ yìí ń fẹ́, tìẹ sì jẹ́jẹ́." Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi bírò yí téèpù tó bá tú, bí wọ́n ṣe ń gé ibi tó bá rún dànù, tí wọ́n á fi sẹlotéèpù tẹ́ẹ́rẹ́ so ó. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, mi ò nílò ẹnu.

Àfi ọjọ́ tí Búọ̀dá Rédíò dé. Àwọn ló jókòó sẹ́yìn yẹn. Wọ́n ń wá orin náà fún ètò orin àtijọ́ wọn, wọ́n ní gbogbo èyí tó wà níta ti bàjẹ́, ti Bàbá nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá wọn ń bẹ̀rù ẹsẹ kẹta. Ṣé káwọn yọ ọ́?

Bàbá fò dìde. Ẹ mọ oríkunkun wọn. "Orin mi lẹ fẹ́ gé bí irun?"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Àǹtí Aránṣọ, ní, "Bàbá, ẹ bú èèyàn níbẹ̀."

"Gbogbo ayé ló ń rẹ́rìn-ín sí i nígbà yẹn!"

"Akólòlò náà rẹ́rìn-ín?"

Ọkọ mi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ní bí ayé ṣe rí nígbà náà ló wà nínú ẹ̀, pé tí a bá ń nu gbogbo ibi tó dọ̀tí, àwọn ọmọ wa á rò pé a ò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí.

Bàbá wá yíjú sí mi. "Ìyàwó, kí lo rí sí i?"

Omi àlejò ló wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi, ẹ̀yin èèyàn, ó kún dé ọ̀fun. Mo wá mú èyí tó kúrú jù nínú ẹ̀. Mo ní, "Ó-ó dáa bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá lọ gẹrun. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà, mo wá ẹsẹ kẹta rí, mo gé e, mo so ó. Okùn tí mo gé ò gùn ju apá mi lọ. Inú mi dùn, mo tún ń kọrin. Ohun tí Bàbá kọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mo gbàgbé: ojú méjì ni kásẹ́ẹ̀tì ní, ṣùgbọ́n okùn kan náà ló wà nínú ẹ̀. Ohun tó o bá gé lójú kìíní, nǹkan mìíràn ti bá a lọ lójú kejì.

Ojú kejì ni ohùn Màámi wà, láàárín gìtá tí Bàbá ta. Ìyàwó Bàbá, tí mi ò bá láyé. Kò sí ibòmíràn tí ohùn wọn kù sí. Bàbá kì í ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ láìgbọ́ ọ: "Ọkọ mi, ilẹ̀ ń ṣú lọ, máa bọ̀ wálé o, mo ti tan iná dè ọ́."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Màámi ní, "Ọkọ mi, ilẹ̀ ń ṣú lọ," gìtá sì gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Bàbá rò pé ẹ̀rọ ló dọ̀tí. Wọ́n fi òwú àti sípíríìtì nù ún. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Gìtá. Wọ́n wá fa okùn náà síta díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi rí ibi tí mo so.

"Ta ló so èyí?"

"È-èmi ni, Bàbá."

Wọ́n gbé e sún mọ́ iná. "Ó gún régé," ni wọ́n wí. "Ó gún ju tèmi lọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá sàn.

Wọ́n bi mí nídìí. Mo sọ ọ́. Ó pẹ́. Wọ́n dúró dè mí, wọn ò bá mi parí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n ní, "Ọkùnrin kan ló ń ta kẹrosíìnì ládùúgbò wa. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ la fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò ronú rí pé ẹ̀sín náà ń bá a délé. Mi ò sì ronú pé orin náà á dúró dè ẹ́ kí wọ́n tó bí ẹ."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó lọ."

"Rárá o! Èmi ni mo sọ ọ́. Tó o bá gé e, ẹni rere kan ni wọ́n máa sin, kì í ṣe èmi." Oríkunkun náà nìyẹn. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ lokùn yẹn wà. Ọjọ́ tó bá wù ẹ́ ni kó o so ó padà. Tí kò bá wù ẹ́, mi ò ní béèrè."

Wọn ò sì béèrè. Lójoojúmọ́, tó bá kan ibi tí mo gé, wọ́n á fi ohùn tiwọn tó ti há parí ọ̀rọ̀ Màámi: "máa bọ̀ wálé o." Wọ́n á wá kọjú sí ògiri, kí n má baà rò pé wọ́n ń kán mi lójú. Inú agolo páúdà mi lokùn náà wà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Mi ò ṣe é. Mo ń sọ pé ọ̀la, ọ̀la, torí tí mo bá dá ohùn Màámi padà, ẹsẹ kẹta ń bá a bọ̀. Bàbá sì kú sórí àga ṣọ́ọ̀bù láìgbọ́ ọ mọ́.

Àǹtí mi, ọkọ mi, ohùn ìyá yín ni mo dé mọ́ inú agolo. Ẹ ti ní ẹ dárí jì mí. Èmi ni ò tíì lè gbà á.

Lọ́sàn-án òní, mo so ó padà. Kò gún bíi ti àkọ́kọ́. Ó wà nínú ẹ̀rọ yẹn.

Ṣé kí wọ́n máa gé irú orin bẹ́ẹ̀? Mi ò kàwé púpọ̀, ẹ má bi mí ní ti gbogbo ayé. Ẹsẹ yẹn ṣì ń dùn mí. Mo sì ti rí ohun tó bá a lọ nígbà tí mo gé e. Mo kàn bẹ Búọ̀dá Rédíò pé kí wọ́n má gbé e sétí àwọn ọmọdé lásán, kí ẹnì kan kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́, Ìyàwó?" Mo ti gbà. Ẹ rọra o, ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mi ló máa gba gbogbo ètò náà, kí orin má ráyè. Ṣùgbọ́n ọmọ kan lè máa gbọ́ níbì kan, kó mọ̀ pé akólòlò wà nílé olórin, ó sì ń sọ̀rọ̀.

Ní báyìí, tí a bá dé ẹsẹ kẹta, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbè é. Ẹ jẹ́ kí Bàbá dá a kọ. Tiwọn ni. Lẹ́yìn náà, ọkọ mi á yí i sójú kejì.

Bàbá, ẹ dúró dè mí títí mo fi parí ọ̀rọ̀. Èmi wá jẹ́ kẹ́ ẹ dúró jù. Ẹ foríjì mí. Ẹ máa lọ o, kí ọ̀nà tẹ́jú fún yín, kí ẹsẹ̀ yín má kọ. Ilẹ̀ ń ṣú lọ lóòótọ́. Ìyókù kì í ṣe tèmi láti sọ, mi ò sì ní bá ẹlẹ́nu parí ẹ̀. Màámi á pè yín fúnra wọn.

Ọkọ mi, ẹ tẹ̀ ẹ́.