Ìka Mẹ́rin Lára Ògiri

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì láti ọdún méjì ti há mi lọ́fun, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Èmi Gàníyù, ọmọ Ìlọrin, tí gbogbo àdúgbò Tukur-Tukur ń pè ní Baba Ganuwa, ìyẹn Bàbá Odi, nítorí iṣẹ́ wa lára odi àtijọ́ ìlú Zaria, èmi ni mo pa ìyàwó mi. Kì í ṣe òjò.

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ náà mọ bó ṣe ń lọ. Ní gbogbo Sátidé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó po amọ̀ mọ́ koríko, a ó fi rẹ́ ibi tí odi bá ti ń ṣí. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wá níṣẹ́. Kálukú ló ní apá tirẹ̀, bí a bá sì parí, a ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ amọ̀ tútù kí á lè mọ ẹni tó ṣe é. Ọwọ́ Sarat, ìyàwó mi, kò ṣòro láti dá mọ̀: ìka mẹ́rin ni, ẹ̀rọ ìlọta ti gé ọmọńdinrín rẹ̀.

Èmi lẹ fi ṣe olùṣọ́ odi náà. Ọ̀gbẹ́ni Oyèdàpọ̀, olùkọ́ yunifásítì tó kó wa jọ, a máa sọ pé, "Ẹ wo apá ti Bàbá! Ó dán bíi dígí." Kò mọ̀ pé mo ti gbẹ́ inú rẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ yàrá fún Sarat lẹ́yìnkùlé, mo rántí ohun tí àwọn bíríkìlà máa ń sọ, pé ikán kì í jẹ erùpẹ̀ odi àtijọ́. Mo ń wà á, àpò kan lónìí, àpò kan lọ́la, títí ihò náà fi gba èèyàn. Mo fi amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí ẹnu rẹ̀, mo sì rẹ́ ẹ dán. Olùṣọ́ ni mí. Ta ni yóò ṣọ́ mi?

Ní Sátidé kan, Sarat parí apá tirẹ̀, ó bọ́ sí tèmi. Àwọn yòókù ti lọ pọn omi.

Mo ní, "Ìyá Islamiyat, fi ibẹ̀ sílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kai, Bàbá Islamiyat! Ẹ ń jowú odi? Àbí òun ni ìyálé mi?"

Ó yẹ kí n sọ pé ihò wà níbẹ̀. Ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó nawọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ amọ̀, odi sì wó lù ú.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Ọwọ́ rẹ̀ kan yọ síta, ó ń mì. Mo sáré, ṣùgbọ́n kì í ṣe sọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú ibi tí mo fi ọkọ́ gbẹ́ ti hàn síta, mo sì kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ wó o kí n tó pariwo. Nígbà tí ẹ fi dé, ọwọ́ náà kò mì mọ́. Mo ní òjò tó kọjá ló ti jẹ ìdí odi. Ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ ní, "Allah ya jiƙanta, Baba. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ẹ pẹ̀lẹ́."

Ogójì ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé tí àmì àtẹ́lẹwọ́ kan fi yọ lára ògiri yàrá tí mo fi erùpẹ̀ odi kọ́ fún un. Ìka mẹ́rin. Mo fi amọ̀ bò ó. Kí n tó kírun Alásárì tán, ó ti padà. Mo fi sìmẹ́ńtì bò ó. Ó padà, ó tutù bí amọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, nínú ọyẹ́ tó ń la ètè gbogbo ìlú. Mo gbé ọwọ́ mi lé e lẹ́ẹ̀kan. Ó ń tì mí láti inú.

Ní àná, Islamiyat, ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pè mí lórí fóònù: "Bàbá, yàrá Màámi ni èmi àti ọmọ tuntun máa sùn o."

Ọmọ yẹn kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀.

Ẹ mú ọkọ́ wá sílé mi ní Sátidé. Ẹ wó yàrá náà, kí ẹ jẹ́ kí n fi orí ara mi ru erùpẹ̀ rẹ̀ padà síbi tí mo ti jí i. Islamiyat, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Jẹ́ kí n rù ú tán ná. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n bá fi ṣọ́ nǹkan, bí ẹ bá ti gbẹ́ ihò, ẹ tètè pariwo rẹ̀ nígbà tí ẹni tó dúró nídìí rẹ̀ ṣì lè gbọ́.

Bí amọ̀ náà bá sì ń mì lọ́wọ́ yín, ẹ má bẹ̀rù. Kì í ṣe ẹ̀yin ló ń wá.