Ife Kẹrin Tí Ahọ́n Mi Dá Mọ̀

Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ó bá fẹ́ kí n gbé iyọ̀ fún òun, àbúrò mi obìnrin ni yóò rán sí mi, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà kan náà la jọ jókòó sí. Ó ní mo fẹ́ kọ àfẹ́sọ́nà mi sílẹ̀ torí bíà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Lóòótọ́ ni bíà wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ bó bá jẹ́ bíà nìkan ni, ṣé oorun á dá lójú mi báyìí? Kumasi ní ilẹ̀ Gánà ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni àwọn òbí mi. Ìyá mi ń ta abọ́ ní ọjà Kejetia, bàbá mi jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin náà rí i pé ilé tí mo ti wá kì í ṣe ilé tí ọmọbìnrin ti ń la ẹnu sọ̀rọ̀ ọtí.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló mú mi dé ilé ọtí kékeré kan ní àdúgbò Santasi. Mista Owusu tó ni ibẹ̀ kì í ta bíà ilé-iṣẹ́ ńlá. Bíà dúdú, sítáòtù tí àwọn èèyàn ń fọwọ́ ara wọn sè nínú ilé, ló ń kó jọ, àwa mélòó kan sì máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé láti tọ́ ọ wò. Kì í ṣe ìmutípara o! Díẹ̀ báyìí ni wọ́n ń dà sí ife. A óò wo àwọ̀ ìfófó orí rẹ̀, a óò gbóòórùn rẹ̀, a óò wá fà á sẹ́nu kí ó yí ahọ́n ká kí a tó gbé e mì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìkorò kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀kan ń korò bíi kọfí, òmíràn bíi èèpo kòkó tí wọ́n yan, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ọkà tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò lásán ni.

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú níbẹ̀ ni ojúsàájú. Bí wọ́n bá gbé ìgò ẹni tí wọ́n mọ̀ jáde, ìyìn ti bẹ̀rẹ̀ kí ọtí tó kan ahọ́n. Bó bá jẹ́ ti ẹni tí kò lórúkọ, wọ́n ti yínmú sí i kí wọ́n tó gbóòórùn rẹ̀. Èmi kì í lè dákẹ́ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa da ọtí lẹ́yìn aṣọ ìkélé, kí ife máa jáde láìlórúkọ. Wọ́n gbà. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan mọ̀ọ́mọ̀ wúkọ́ nígbà tí ife ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, ni mo bá tún gbé òfin mìíràn wá: bí atọ́wò kan bá fi hàn, ìbáà ṣe lẹ́nu tàbí lójú, pé òun mọ ẹni tó se bíà kan, bíà náà ti jáde nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ mí ní Adájọ́. Inú mi dùn sí orúkọ náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní àkókò yẹn ni Kọ́lá dé. Kò tíì pẹ́ tó ti Ìbàdàn wá bá àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ó gbọ́ pé mo fẹ́ràn bíà dúdú, ó sì gbé ìgò kan tí kò ní àmì kankan wá fún mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọtí yẹn! Ọkà bàbà ni wọ́n fi sè é, kò sì fi í pamọ́. Ó korò wọnú ọ̀fun, lẹ́yìn náà ni adùn kékeré kan tó dà bíi ti ọkà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yan yóò wá bẹ̀ ọ́ wò. Mo wò ó lójú, mo ní, “Ìwọ lo sè é?” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ta ni ìbá tún sè é?” Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò gbé ìgò kan wá. Mo ní kó mú mi lọ wo ibi tó ti ń sè é, ó ní ọtí tó wà lórí iná kò fẹ́ ojú púpọ̀. Mo gbà á gbọ́. Kí ni mo fẹ́ fi í fura sí? Ọkùnrin tó lè ní irú sùúrù yẹn pẹ̀lú ọkà, mo sọ fún ara mi pé yóò ní sùúrù pẹ̀lú ìyàwó.

Nígbà náà ni Mista Owusu kéde pé òun ti ra agbada ìsèbíà ńlá, òun sì fẹ́ yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa fi iṣẹ́ yẹn jẹun. Ẹni tí bíà rẹ̀ bá dára jù ni. Kọ́lá ní òun yóò díje, pé bí òun bá gba iṣẹ́ náà ni òun yóò kó àwọn èèyàn òun wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ẹ wo inú ìdè tí mo wà: èmi ni atọ́wò, ọkọ mi lọ́la ni olùdíje.

Lọ́jọ́ náà, àwọn tó se bíà jókòó sí àgbàlá, àwa wà nínú ilé, wọ́n sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ. Ife kìíní kò burú. Ti ìkejì dé, mo fà á sẹ́nu, mo sì pariwo pé, “Ta ló fi omi eérú se bíà?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta kọjá. Nígbà tí ẹ̀kẹrin kan ahọ́n mi, mo tún fà á sẹ́nu. Ọkà bàbà náà nìyẹn, ìkorò náà nìyẹn, adùn kékeré náà nìyẹn. Bí mo bá dákẹ́, Kọ́lá wọlé, mo sì dé ilé ọkọ. Àmọ́ kí ni mo fẹ́ pe ara mi lẹ́yìn náà? Mo dìde. Mo ní, “Mo mọ ẹni tó ni ife yìí. Àfẹ́sọ́nà mi ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò.” Omijé ń bọ́ lójú mi, síbẹ̀ orí mi wú. Mo rò pé mo ti ṣe ohun tó le jù láyé.

Wọ́n ṣí aṣọ ìkélé. Obìnrin kan láti àdúgbò Moshie Zongo, Vida, tí ìyá rẹ̀ ti ń se pítò, ọtí ọkà bàbà ilẹ̀ Gánà, kí wọ́n tó bí i, ló ni ife kẹrin. Ó fi èdè Twi pariwo láti àgbàlá pé, “Sista, èmi kọ́! Mi ò mọ̀ ẹ́ rí, báwo ni mo ṣe di àfẹ́sọ́nà ẹ?” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí. Kọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Òun ló ni ife kejì.

Vida wò ó, ó ní, “Ah! Ọmọ Nàìjíríà, ṣé kì í ṣe ìwọ lò ń ra ọtí mi ní gbogbo Fúráídé, tí o ní àǹtí ẹ ló fẹ́ràn ẹ̀?”

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Mo sáré lọ bá Mista Owusu pé àṣìṣe ni, kí ó dá bíà Vida padà sórí tábìlì. Ó ní òfin ni òfin, ṣebí èmi ni mo gbé e kalẹ̀. Ìbátan ọ̀kan nínú àwọn atọ́wò ló gba iṣẹ́ náà. Atọ́wò ọ̀hún fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní, “Adájọ́, gbogbo wa la mọ ife èèyàn wa. Ìwọ nìkan lo sọ̀rọ̀.” Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà!

Mo lọ sí ilé Vida láti bẹ̀ ẹ́. Kò lé mi. Ó gbé àga fún mi, ó ń ro ìkòkò rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ tán, ó ní, “O fẹ́ kí ọwọ́ ẹ mọ́. Omi mi lo fi fọ̀ ọ́.”

Kọ́lá ti bẹ̀ mí. Ó ní ojú tí mo fi wo òun lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni kò jẹ́ kí òun lè sọ pé òun kọ́ ló sè é, pé òun ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, òun sì rò pé tòun ti fẹ́ jọ ti Vida. Ó ti dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó ti kúnlẹ̀ fún ìyá mi. Kí ìyá mi tó yan mí lódì, ó ní, “Bíà ló pa irọ́ lé lórí, kì í ṣe obìnrin. Ọkùnrin mélòó lo rí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀?” Mo sọ ohun kan ṣoṣo fún Kọ́lá: kó dúró níwájú gbogbo wa ní Sátidé, kó sọ pé ọwọ́ Vida ló se gbogbo ọtí tí mo ti ń yìn. Ó kọ̀. Ó ní kí n má dójú ti òun níwájú obìnrin ọlọ́tí.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àwọn ará ilé wọn ti ń múra àtiwá, bàbá mi sì ní kí n dárí jì í bí Kristẹni. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ mí, mo lè dárí rẹ̀ jì í, n kò purọ́. Èyí tó ṣẹ Vida ńkọ́? Ta ni mo jẹ́ tí n óò fi bá a dárí ìyẹn jì, èmi tí mo dìde, tí mo sì fi ẹnu ara mi sọ pé kí wọ́n yọ ife rẹ̀ kúrò?