Ojú Ìwé Tó Fẹ́ Fò

Níbi ìsọ̀ ìwé àlòkù kan ní Ìdúmàgbò, lọ́dún tí ọ̀rọ̀ ìdìbò da ìlú rú, mo gbọ́ tí tíṣà méjì ń jiyàn lórí ìwé ìtàn tí wọ́n máa kà fáwọn ọmọ iléèwé lórí rédíò. Ìtàn ọmọbìnrin Júù kan ni, láyé ìgbà táwọn Násì ń pa wọ́n.

Ọ̀dọ́kùnrin inú wọn ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká fo ibi tí aládùúgbò ti júwe ilé wọn fún sójà. Ẹ̀rù á ba àwọn ọmọ."

Ìyá tíṣà yínmú. "Ẹ̀rù àwọn ọmọ ni, àbí tìẹ?"

"Ìlú òyìnbó ló ti ṣẹlẹ̀, mà. Ó jìnnà sí wa."

"Ó jìnnà, àbí? Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé onílé yín ní Lafiaji ń halẹ̀ mọ́ ìdílé Ìgbò tó wà nílé yín, títí wọ́n fi sá lọ. Kí lo wí fún un?"

"Mi ò wí nǹkan kan, mà."

"Ta ló ń gbé yàrá wọn báyìí?"

Ó ń ṣí ìwé náà, ó ń pa á dé. "Èmi ni, mà."

"Ó dáa. Ìwọ gan-an lo máa ka ojú ìwé yẹn."