Alégíríà Kọ́ Ló Sọ Ọ́

Ẹ sún mọ́ ibojì yìí díẹ̀, ẹ̀yin ọkùnrin mẹ́wàá tí mo bẹ̀ wá. Mo ti bọ́ bàtà mi, ilẹ̀ Beerṣeba sì ń jó mi lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jó mi. Ẹ mọ àṣà wa: ẹni tó bá ṣẹ ẹnìkan, tí onítọ̀hún sì kú kó tó tọrọ àforíjì, á kó ènìyàn mẹ́wàá lọ sí ibojì rẹ̀, á sì jẹ́wọ́ lójú wọn. Alégíríà, ìyàwó Mákílúfù onígbàjámọ̀, ló wà nínú ibojì yìí. Olófòófó ni gbogbo yín mọ̀ ọ́n sí títí ó fi kú. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa irọ́ náà, mi ò sì ní kúrò níbí láìsọ òótọ́.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Tí a bá ti ka ìpín Tórà tọ̀sẹ̀ tán lọ́jọ́ ìsinmi, èmi rábì yín ni mo máa ń dìde láti sọ bó ṣe kan ìgbé ayé wa lónìí. Tí a bá ka ti Nóà, màá bá àwọn tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí tí wọ́n ń tẹ fóònù wí. Tí a bá ka ti Ábúráhámù tó sáré pàdé àlejò, màá bi yín ìgbà tí ẹ pe ará Rọ́ṣíà tó ń gbé lókè yín wá jẹ kúsíkúsì kẹ́yìn. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ máa ń mi orí, ìyìn yín sì dùn mọ́ mi ju oúnjẹ ọjọ́ ìsinmi lọ. Nígbà tó yá, mi ò wá ẹ̀kọ́ nínú Tórà mọ́. Ìtàn tó máa yà yín lẹ́nu ni mò ń wá kiri.

Ìgbà náà ni Sólíkà, Màmá Gádì, wá bá mi. Òun ló dúró lọ́hùn-ún yẹn. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó wá, ó sì ní òun ò ní sún mọ́ ibojì. Ẹ rántí pé ojú ọkọ rẹ̀, Alàgbà Méírì, ti fọ́. Yáírì àkọ́bí wọn, tó jẹ́ mẹkáníìkì, ti lọ sí Kánádà, kò sì pe ilé mọ́. Síbẹ̀, gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ẹtì tí baba bá fẹ́ gbé ọwọ́ lé àwọn ọmọ lórí kó súre fún wọn, á béèrè Yáírì. Ọkàn Sólíkà kò gbà á láti sọ fún un pé Yáírì ti lọ. Tí baba bá ti súre fún Gádì, àbúrò Yáírì, tán, Sólíkà á wọ jákẹ́ẹ̀tì awọ ti Yáírì fún un, Gádì á tún padà wá, á rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, baba á sì súre fún un bíi Yáírì. Sólíkà bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo ní àánú ni. Ó sunkún, ó ní èmi àti Alégíríà, ọ̀rẹ́ òun láti kékeré, nìkan lòun sọ ọ́ fún.

Ọ̀sẹ̀ tí a ka bí Jékọ́bù ṣe gba ìbùkún lọ́wọ́ Ísáákì afọ́jú dé, mi ò sì ní ohun tuntun kankan láti sọ. Mo dìde, mo ní ilé kan wà ní ìlú yìí. Mi ò dárúkọ. Mo rò pé tí n kò bá ti dárúkọ, ó parí. Àmọ́ mo mẹ́nu ba jákẹ́ẹ̀tì náà, tí òórùn pẹtiróòlù ò kúrò lára rẹ̀. Alàgbà Méírì wà ní ìjókòó iwájú. Mo rí i tó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí imú, tó gbóòórùn wọn. Ó dìde, ó ń táràrà lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ṣé ẹ rí irú ènìyàn tí mo jẹ́? Mo rí i, mi ò sì dákẹ́, torí ibi tó dùn jù nínú ìtàn náà ló kù. Alàgbà Méírì ò gbé ọwọ́ lé orí ọmọ kankan mọ́, títí kan Gádì tó ń tọ́jú rẹ̀, ó sì kú bẹ́ẹ̀.

Sólíkà wá bá mi, ó bi mí ìdí tí mo fi tú àṣírí òun. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Mo ní èmi kọ́ ni mo tú u síta, pé wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kí n tó dìde, pé mo rò pé gbogbo ayé ló ti gbọ́. Kò bi mí ní ìbéèrè mìíràn. Ó mọ ẹni tó ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù náà.

Alégíríà wá sí ilé mi. Kò jókòó. Ó ní, “Rábì, ẹ ti parọ́ mọ́ mi. Tí mo bá ní ẹ̀yin ni, àwọn ènìyàn á kó ọmọ wọn kúrò lọ́dọ̀ yín, wọn ò sì ní gbọ́ Tórà lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Mi ò ní sọ ọ́. Ẹ lọ bá Sólíkà, kí ẹ sọ ọ́ fúnra yín.” Mo ní kó jẹ́ kí Àjọ Ìrékọjá kọjá.

Ohun tí mo wá ṣe nìyí, òun ló burú jù. Mi ò gbà á gbọ́ pé ó máa dákẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má baà gbà á gbọ́ tó bá la ẹnu, mo dúró de ìpín tí ẹ̀tẹ̀ ti bo Míríámù nítorí ahọ́n rẹ̀. Mo fi wákàtí kan gbáko sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́ tó ń tú àṣírí ọ̀rẹ́. Ẹ̀yin yìí kan náà ń yíjú wo ẹ̀yìn aṣọ ìkélé níbi tí àwọn obìnrin jókòó. Alégíríà ò dìde. Ó gbọ́ ọ títí mo fi parí. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó jókòó tì í mọ́, ọ̀pọ̀ yín sì lọ ń gẹ irun níbòmíì.

Mo mọ̀ pé àṣà ní kí ẹ dáhùn pé a ti dárí jì mí. Ẹ má tíì sọ ọ́. Lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, màá tún un sọ ní sínágọ́gù, kí àwọn obìnrin náà gbọ́, lẹ́yìn náà mi ò ní dìde níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa gba ipò yìí, tí ẹ bá ń wá ẹni tí Tórà ń bá wí, ẹ kọ́kọ́ fi ara yín sí i. Ẹkún tí ẹnìkan sun níwájú yín kì í ṣe tiyín láti pín.

Màmá Gádì, mo gbé ohùn sókè kí ẹ lè gbọ́. Ẹ ò wá síbi ìsìnkú rẹ̀, irọ́ mi ló fà á. Ẹ má dá mi lóhùn, òun ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, màmá, kódà nígbà tó lè fi gba ara rẹ̀ là.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ yà fún un. Ó ń bọ̀.