Gbèsè Mi Ló Wà Lọ́rùn Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mi ò wá sunkún. Ọ̀rọ̀ kan ló há mi lọ́nà ọ̀fun láti ọdún tó kọjá. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni ọ̀nà máa dí pátá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bú mi.

Jórinjórin ni mí ní Igbó-Elérin. Ìwé mẹ́fà náà, mi ò kà á tán dáadáa. Àmọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ìyànà Ìbà, ẹ rìn dé Okokomaiko, géètì tó bá wù yín, ẹ béèrè ẹni tó jó o. Èmi ni. Èmi náà ni alága ẹgbẹ́ àwa jórinjórin. Tí mo bá wọlé ìpàdé, wọ́n á dìde.

Mo fẹ́ ra mọ́tò tòkunbọ̀ kan tó yẹ alága, owó mi ò pé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí èmi àti Kọ́lá àbúrò mi jọ wà ń yáni lówó, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá pẹ́ kó tó san, wọ́n máa ń ka orúkọ ẹ̀ sókè nípàdé. Kí wọ́n ka orúkọ tèmi? Láéláé! Mo ní kí Kọ́lá yá a lórúkọ ara ẹ̀, kó gbé owó náà fún mi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa san án ṣá?"

"Ìwọ lò ń bi mí bẹ́ẹ̀? Ta ló sanwó iṣẹ́ iná tó o kọ́?"

Ó yá owó náà, ó gbé e fún mi. Mo ra mọ́tò. Mo san díẹ̀, iṣẹ́ ò lọ mọ́, mi ò san mọ́. Orúkọ Kọ́lá ni wọ́n ń kà.

Lọ́dún tó kọjá, Kọ́lá rí iṣẹ́ iná sí ọ́fíìsì ìjọba kan tí wọ́n ń tọ́jú àṣírí ìlú sí. Wọn kì í ṣàdédé gbani síbẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ wádìí ẹ: irú ọ̀rẹ́ tó o ní, bóyá o ti ṣẹ̀wọ̀n rí, bóyá o jẹ gbèsè. Wọ́n ní ẹni tí gbèsè ká mọ́, èèyàn burúkú lè fowó ra àṣírí lọ́wọ́ ẹ̀. Orúkọ mi ni Kọ́lá kọ sílẹ̀ pé kí wọ́n wá bi léèrè nípa òun.

Ọkùnrin méjì wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọn ò wọ yúnífọ́ọ̀mù. Wọ́n ní, "Alága, ṣé Kọ́lá jẹ gbèsè?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìdáhùn mi. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi mẹ́ta jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, etí wọn nà. Mo ní, "Ó jẹ ẹ́ dáadáa! Kò mọ owó ná. Tí kì í bá ṣe èmi tí mò ń bá a san án, wọn ì bá ti gbé e."

Ọ̀kan kọ ọ́ sílẹ̀. Èkejì ní, "Ẹ̀gbọ́n gidi lẹ jẹ́ o." Inú mi dùn débi pé mo ní kí wọ́n ra míńírà tútù fún wọn.

Wọn ò gba Kọ́lá. Ó wá bá mi, ojú ẹ̀ pọ́n. "Bọ̀ọ̀dá, ta ló sọ fún wọn pé mi ò mọ owó ná?" Mo ní ọ̀tá ni. Ó gbà pé ìyá onílé ẹ̀ ni. Ìyá tó ń gbé ọbẹ̀ fún wọn nígbà tí ìyàwó ẹ̀ bímọ, Kọ́lá ò kí i mọ́. Mò ń wò wọ́n.

Ẹ wò ó, mi ò gbà pé gbèsè ló ń sọni di ọ̀dàlẹ̀. Ta ni kò jẹ gbèsè ní Òjó níbí? Mo jẹ ẹ́ fọ́dún mẹ́ta, mi ò jí irin ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo sì purọ́ fún àwọn ọkùnrin yẹn, torí owó kọ́, torí iyì ni. Kí wọ́n máa bi èèyàn bó ṣe fẹ́ràn iyì tó!

Lóṣù tó kọjá, mo ta mọ́tò náà, mo san gbèsè náà tán. Owó ò le. Ẹnu ló le. Kọ́lá ti lọ ṣàlàyé fún àwọn ará ọ́fíìsì pé òun kọ́ ló ná owó náà, wọ́n ní tí ẹni tó ná an bá wá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, kó sì fọwọ́ síwèé kí Jímọ̀ tó kọjá, àwọn á tún ọ̀rọ̀ Kọ́lá wò. Ó wá dọ̀bálẹ̀ fún mi lọ́jọ́ Sunday. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kàn sọ pé ẹ̀yin lẹ ná an. Ẹ ṣàánú mi." Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi wà lákọsílẹ̀ níbẹ̀, pé tí àwa méjèèjì bá débẹ̀, wọ́n máa kà á sí mi létí, lójú ẹ̀.

Ẹ má sọ pé kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo fi èjìká gbé. Mi ò ní ṣe é. Lílọ ni màá lọ, ìyẹn ò sí nínú ohun tí mò ń bi yín. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé: ṣé kí n fẹnu mi sọ fún un kó tó di Jímọ̀, àbí kí n jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò?